Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìdérí Irin

Ìyá Gbòǹgbò fi àtàǹpàkò gbá okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì rẹ̀, ohùn tó jáde sì dún gbànràn bí aago kẹ̀kẹ́. Ó dá ọwọ́ dúró. Ohùn náà kò dúró. Ó ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń gbọ̀n, ó ń fà, bí àlejò tó ti dìde pé òun ń lọ sílé tó tún wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló wọ inú báàsì mi?" ni ó bi ọkọ ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn gíláàsì tó pín yàrá náà sí méjì, ọkùnrin náà yọ ohun tó fi bo etí, ó ní kò sẹ́ni tó wọ inú ẹ̀, kí Màmá jọ̀ọ́ tún un gbá. Ó tún un gbá. Aago kẹ̀kẹ́.

Iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ ni kí ó máa gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀, òun ló sì ni yàrá tí wọ́n wà: tìmùtìmù dúdú lára ògiri, wáyà nílẹ̀ bí ìfun ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, kọ̀ǹpútà méjì tó ń ṣẹ́jú, àti àga kékeré kan tó ń ké ní gbogbo ìgbà tí ìdí Ìyá Gbòǹgbò bá yí lórí rẹ̀. Ìyá Gbòǹgbò ti sọ̀rọ̀ lórí àga náà láàárọ̀. Ó ní ẹni tó kàn án kò rí ìdí gidi rí láyé rẹ̀, ìdí àwọn tó ń fi omi gbígbóná ṣe oúnjẹ alẹ́ ló fi wọ̀n ọ́n.

Ó kọ́kọ́ dá wáyà lẹ́bi. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Ó dá àpótí tí ohùn ń gbà jáde lẹ́bi. Wọ́n gbé òmíràn wá. Ó dá yàrá náà lẹ́bi, ó ní yàrá tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo, níbo ni ohùn á ti rí afẹ́fẹ́ mí? Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn tó kù, ó dá ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ń yìn ín. Ó ní láti ọjọ́ tó ti wá fẹ́ ọmọ òun ni òun ti kíyè sí etí rẹ̀ pé ó kéré. Òun kàn dákẹ́ nítorí pé oyún ti wà nílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn dé yàrá náà kò le. Orin kan wà tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé jáde ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, orin tí àwọn èèyàn ṣì ń béèrè lọ́wọ́ wọn títí di òní. Téèpù tí wọ́n gbà á sí ti bàjẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé tó pẹ́ nínú omi. Ọkọ ọmọ náà ní kí wọ́n wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ tó lọ jù, ó sì fi ìtìjú dá a lábàá pé kí Màmá lo báàsì ìgbàlódé, nítorí pé ti àtijọ́ máa ń hùn nínú ẹ̀rọ. Ìyá Gbòǹgbò kò bínú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbá orin kan náà lórí méjèèjì, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ. Lójú àbúrò rẹ̀ ló ti búra: bí báàsì òun kò bá borí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò gbá nínú orin náà, òun kò sì ní fọwọ́ kan báàsì mọ́ títí wọn ó fi gbé òun sin. Ìbúra náà kò dùn ún níbì kankan nígbà náà. Ta ní ń bẹ̀rù àtibá tọ́ọ̀ṣì díje?

Tọ́ọ̀ṣì ló sọ báàsì tuntun náà. Ó fara ti ògiri lápá ọ̀tún, okùn márùn-ún lára rẹ̀, bí ẹni pé mẹ́rin kò tó ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Ara rẹ̀ ń dán bí àwo tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun nínú rẹ̀. Kò ní àpá kan. Èyí tó sì burú jù ni pé wọ́n ki bátìrì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sáré wá ilé ìtọ̀, díẹ̀ ló sì kù kó má bá a. Ó ní òun alára ni wọ́n ń fi oògùn gbé dìde láràárọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn orúnkún, oògùn kí ìgbẹ́ lè yá. Ṣé ohun tí wọ́n ṣe ní èṣí náà ti darúgbó ni?

Tirẹ̀ ńkọ́? Tirẹ̀ ti ju ogójì ọdún lọ dáadáa. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá rẹ̀ máa ń sùn lé. Okùn mẹ́rin tó bá a wá láti ilé ìtajà ló ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé lójú Ìyá Gbòǹgbò, ẹni tó ń pààrọ̀ okùn báàsì kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń yọ eyín tí kò dùn ún. Kí ó tó bọ́ sí orí ìtàgé, ó máa ń jẹ ẹran díndín, kì í sì í fọwọ́. Ó ní òróró yẹn ni iyọ̀ inú ohùn. Nísàlẹ̀, níbi tí àwọn okùn ti ń wọlé, ìdérí irin kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, ibẹ̀ ló máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lé bó bá ń gbá. Kò sí sukudiráfà tó kan ìdérí yẹn rí. Bí ọmọbìnrin ṣe ń sọ pé ọkùnrin kò kan òun rí ló ṣe máa ń sọ ọ́, òun tó bí ọmọ mẹ́fà.

Ìtàn kan sì wà tí ó máa ń sọ. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn, ó ti sọ ọ́ fún dókítà eyín nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó tún un sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí ọ̀dọ́kùnrin lè mọ ẹni tí òun ń bá lò. Pé ní ọdún kẹta tí òun ra báàsì náà, ariwo lásán ló ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí ti gbogbo ayé. Pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọjọ́ eré ńlá, oorun gbé òun lọ lórí àpótí aṣọ. Pé nígbà tí òun jí, tí òun fọwọ́ kan okùn, ohùn náà ti yí padà: ó kúrú, ó ki, ó rọ̀, bí èso tó pọ́n tó já lulẹ̀ sórí koríko. Ọwọ́ òun ló là lójú oorun. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbáàsì ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti wo ọwọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí ọwọ́ náà ká, ìka márààrún, ó ká ìwé náà, ó fi sápò àyà bí ẹni gba ìwé ìní.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ni ó sọ, ó ń lu ẹ̀yìn báàsì àtijọ́ náà pẹ́pẹ́ bí ẹni lu ẹ̀yìn ọmọ tó fẹ́ gùnfẹ̀, "kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ́ àkísà."

Lẹ́yìn náà ló gbá a, aago kẹ̀kẹ́ sì dáhùn.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ní bóyá kí àwọn ṣì gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ lè hàn bí àwọn bá gbọ́ ọ tán. Ó gbá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá gbé tuntun fún un. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ ẹlòmíràn tó ti tọ̀ sára, ó na apá rẹ̀ jìnnà sí àyà, ó sì gbá orin kan náà láìwo ìka rẹ̀, ó ń wo òkè àjà, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun kò sí níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ife omi gbígbóná lọ́wọ́. Olóhùn ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, ó gbẹ, kì í pariwo àfi bó bá ń kọrin, kò sì tíì sọ gbólóhùn méjì láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìyẹn kò ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà èwe wọn ni Ìyá Gbòǹgbò ti máa ń sọ pé akọrin kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹyẹ náà ń kọrin, ìkòkò tó ń hó náà ń kọrin. Ewé ni akọrin, báàsì ni gbòǹgbò, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá.

Ọkọ ọmọ fi ohùn méjèèjì sí i. "Èyí àkọ́kọ́ ni tiyín, Mà."

Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ èkejì. Ọ̀kan ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ń hùn. Èkejì ń dún gbọ̀ngbọ̀n, kò hùn. Gbogbo ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Ìyá Gbòǹgbò ní kí wọ́n tún un fi sí i. Ó di ojú. Òpùrọ́ ni lórí ọjọ́ orí rẹ̀, òpùrọ́ ni lórí iye ẹran tó jẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kọ́ irọ́ pípa. Ó wá irọ́ kan tí etí náà lè gbà títí, kò rí.

"Tuntun yẹn ló dáa jù," ni ó wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni tu egungun ẹja sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó yọ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń họ orí. Ó jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó wá dúró níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ti fọ́ nǹkan, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun yẹ kí òun ti sọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni báàsì náà ti wà lọ́wọ́ òun láti yẹ wáyà inú rẹ̀ wò. Òun wò ó, òun rí i pé ó ti dọ̀tí, òun sì rò ó pé kò dáa kí ohun èlò ìyá ìyàwó òun wà lọ́dọ̀ òun kó padà bó ṣe wá. Òun fi sípírítì nu àwọn okùn. Òun ṣí ìdérí irin.

"O ṣe kí ni?"

"Mo kàn ní kí n bá yín tún un ṣe ni, Mà. Ìdọ̀tí kan wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò dà á nù, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín."

Ó fa àpò ọ̀rá kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gùn tó ìka àárín: pẹlẹbẹ rọ́bà kan tó ti dúdú, tó ti le bí ẹran gbígbẹ, tí okùn mẹ́rin ti la ojú ọ̀nà mẹ́rin sí lára. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ búlúù ṣì hàn díẹ̀.

Ìyá Gbòǹgbò yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kò yé òun. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe báàsì ni wọ́n ti fi í síbẹ̀, àwọn ará àtijọ́ mọ iṣẹ́, kì í ṣe àwọn ti ìsinsìnyí tí bátìrì—

"Sílípáàsì mi ni," ni Olóhùn wí láti igun yàrá.

Ó gbé ife omi sílẹ̀. Kò sáré sọ ọ́, kò sì fi nǹkan pamọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rántí ọ̀sán tó ń sọ yẹn, ọ̀sán tí ọwọ́ rẹ̀ là. Òun kò sùn ní tòun. Ẹ̀gbọ́n òun ń hanrun lórí àpótí aṣọ, ẹnu ṣí. Òun fi ṣóńṣó ọbẹ ìdáná tú ìdérí irin náà, òun gé gìgísẹ̀ sílípáàsì búlúù òun pẹlẹbẹ, òun tì í sábẹ́ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ohùn wọn lè máa tètè kú, òun sì dé e padà. Òun fi ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì lófìfo, lọ síbi eré.

Ìyá Gbòǹgbò rántí ẹsẹ̀ òfìfo yẹn. Fún odidi ọdún méjì ló fi ṣe àbúrò rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn èèyàn, pé ẹni tí kò lè ka bàtà dé eéjì ló ń ka ìlà orin.

"Kí ló dé tí o ò fi bẹ̀ mí kí n gbá a jẹ́jẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín. Ohùn yín ń gùn ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Tí mo bá ń parí gbólóhùn báyìí, ẹ ti jẹ ìdí rẹ̀. Ẹ ní ewé kì í sọ fún gbòǹgbò pé kó sún."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì, o ò sọ."

"Kí n sọ ọ́ fún ta? Ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ yín ló là. Ṣé kí n wá dé kí n ní bàtà ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀, ọkọ ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í lè dúró jẹ́jẹ́ bó bá ń wù ú láti mọ ìdí nǹkan, ti mú pẹlẹbẹ rọ́bà náà, ó ti tì í sábẹ́ okùn báàsì tuntun, ó sì gbá okùn kan. Dùm. Ó kúrú, ó ki, ó rọ̀. Èso tó pọ́n já lulẹ̀ sórí koríko. Gbogbo ayé Ìyá Gbòǹgbò jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì.

Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ó ronú nípa ọkùnrin tó fi lẹ́ẹ̀dì ya ọwọ́ náà sórí ìwé. Ó ṣeé ṣe kí ó ṣì ní ìwé yẹn, kí ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó máa na ìka tirẹ̀ láràárọ̀ kí ó lè bá a dọ́gba. Ẹsẹ̀ Olóhùn ni ì bá ti wọ̀n, akúṣẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín gbọ̀n ún láti inú ikùn wá, àga kékeré náà sì ké. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ti fi ṣẹ̀sín fún ogójì ọdún ló ń tò kọjá lójú rẹ̀, àwọn olókùn tuntun, àwọn oníbátìrì, àwọn tó ń fọwọ́ kí wọ́n tó gbá báàsì, òun nìkan sì ni ìdí rẹ̀ wà níta láàárín wọn. Àwọn méjèèjì tó kù kò mọ̀ bóyá kí àwọn bá a rẹ́rìn-ín tàbí kí àwọn mú aṣọ ìnujú wá.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu imú, ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó dìde. Ó wá báàgì rẹ̀ kiri láàárín wáyà. Ó ní ìbúra ni ìbúra. Báàsì òun kò borí. Bàtà ló borí, bàtà ọ̀hún kì í sì í ṣe tòun. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìwòyí tó mọ bátìrì fi sí i. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló mú kí ọkọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ń wo Olóhùn kí ó gba òun.

Olóhùn kò dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí n lè bá yín kọrin ni mo ṣe gé bàtà. Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ kọ ọ́ láìsí yín ni, báàsì ni ǹ bá fi ọbẹ yẹn gé."

Ìyá Gbòǹgbò dúró pẹ̀lú báàgì lápá. Ó wo àbúrò rẹ̀, obìnrin tín-ín-rín tí ọrùn rẹ̀ ti hunjọ, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fìtílà wọ igun yàrá náà.

Ó padà wá jókòó. Ọkọ ọmọ rẹ̀ bi í léèrè èwo nínú báàsì méjèèjì ni kí òun gbé fún un.

"Èyí tó bá sún mọ́ ọ," ni ó wí.

Ti àtijọ́ ló sún mọ́ ọn. Ó tì pẹlẹbẹ rọ́bà náà padà sáyè rẹ̀, ó dé ìdérí irin náà lé e, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Olóhùn dìde sí iwájú máíkì, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó mi orí. Orin náà bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Gbòǹgbò ń gbá a bó ṣe ti ń gbá a láti ọjọ́ pípẹ́, ìka rẹ̀ mọ̀nà lójú dídì. Dùm. Ohùn náà kú. Láàárín dùm kan àti èkejì, àyè kékeré kan ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà nínú àyè náà. Ó dájú pé ó ti máa ń wà níbẹ̀. Ó na etí sí i. Ẹsẹ kìíní kọjá, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ àti omi pípọn. Ẹsẹ kejì kọjá. Ní ẹsẹ kẹta, Olóhùn rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn yàrá kan náà:

*Aṣọ kan la jọ ń bò,*
*ìwọ lo fà á lóru.*
*Èmi ni mo díbọ́n oorun,*
*kójú má tì ọ́ láàárọ̀.*

Ibi tó yẹ kí báàsì wọlé dé, ó sì kọjá. Kò sí nǹkan tó dún. Lẹ́yìn gíláàsì, ọkọ ọmọ gbójú sókè, ó gbé ìka lé bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Olóhùn dákẹ́, ó yíjú padà.

Ìyá Gbòǹgbò ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí lo wí níbẹ̀ yẹn?" ni ó béèrè. "Tún un kọ. Èmi ò ní gbá nǹkan kan."